Kí ni WhatsApp ṣe tí Nàìjíríà fi ní kí Meta san mílíọ̀nù 220 dọ́là?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan kéde pé kí Meta, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, san owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là. Bí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà ní iye tí dọ́là ń lọ nígbà náà, ó lé ní 300 bílíọ̀nù. Láti ọjọ́ náà ni oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ti ń lọ káàkiri. Àwọn kan ní wọ́n ti gbá WhatsApp mú pé ó ń ka gbogbo ohun tí a ń kọ. Àwọn kan ní ó ti ń palẹ̀ mọ́ láti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn mìíràn ń béèrè ìgbà tí wọn yóò pín owó náà fún àwa tí à ń lò ó.

Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú rí, torí kò sí ẹni tí wọ́n yọ owó nínú àpò rẹ̀, fóònù ẹnikẹ́ni kò sì bàjẹ́. Síbẹ̀ ó kan gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà fóònù, títí kan ẹni tí kò lo WhatsApp rí láyé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí a tú u díẹ̀díẹ̀.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí dà pọ̀?

Meta ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ Facebook ń jẹ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ó ra Instagram ní 2012, ó sì ra WhatsApp ní 2014. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé WhatsApp ń fi nǹkan lé Facebook lọ́wọ́, ẹ rántí pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló ni àwọn méjèèjì.

Ní ti Nàìjíríà, àjọ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì sábà máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. FCCPC ni àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà àti ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò. Bí ọlọ́jà bá rẹ́ oníbàárà jẹ, tàbí tí oníṣòwò ńlá kan bá ń lo agbára rẹ̀ láti ni àwọn tó kù lára, òun ló ń dá sí i. NDPC ni èkejì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dáàbò bo ìwífún ara ẹni, lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. FCCPC ló ní kí Meta san mílíọ̀nù 220 yẹn. NDPC ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, a ó dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń bi í pé kí ló kan àjọ oníbàárà nínú ọ̀rọ̀ àṣírí, nígbà tí a kì í san kọ́bọ̀ kí a tó lo WhatsApp. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó tó ń wọlé fún Meta, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń polówó ọjà ló ti ń wá. Àwọn olówó ìpolówó ń san owó fún un torí pé ó lè bá wọn wá irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́ gẹ́lẹ́. Ohun tó fi ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwífún wa. Ohun tí à ń san nìyẹn, bí a kò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń san nǹkan kan. Oníbàárà ni wá, òfin oníbàárà sì kàn wá.

Kí ni ìwífún ara ẹni?

Ohunkóhun téèyàn lè fi dá yín mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, tàbí tó lè júwe irú ẹni tí ẹ jẹ́. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà fóònù, àwòrán ojú, nọ́ńbà BVN àti NIN. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí a kì í kà sí nǹkan kan: irú fóònù tí ẹ ń lò, ilé iṣẹ́ tí ẹ ra síìmù lọ́wọ́ rẹ̀, aago tí ẹ sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, agbègbè tí ẹ wà nígbà náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá wà lójú kan ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀.

Ṣé WhatsApp ń ka ọ̀rọ̀ tí à ń kọ síra wa?

Rárá. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016, gbogbo ọ̀rọ̀ tí a bá kọ, gbogbo ohùn àti àwòrán tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì tàbí sí gúrúùpù, ni fóònù wa máa ń tì pa kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Fóònù ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i. Bó ti ń gba inú kọ̀ǹpútà WhatsApp kọjá, wúruwùru lásán ni ilé iṣẹ́ náà yóò rí. Iṣẹ́ ribiribi ni, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ni.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà tó ti ń yí po láti ọjọ́ pípẹ́, tó ní tí ẹ bá rí àmì tíìkì mẹ́ta, ìjọba ti ka ọ̀rọ̀ yín, tí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá sì pupa, ọlọ́pàá ń bọ̀. Irọ́ ni. WhatsApp kò ní tíìkì kẹta, kò sì ní pupa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí àwọn ìyá wa mọ́, ó ń dẹ́rù bà wọ́n lásán.

Tí wọn kò bá ka ọ̀rọ̀ wa, ẹjọ́ wo ni Nàìjíríà wá ń bá wọn ṣe? Ẹ jẹ́ kí n fi wébìlì ṣàlàyé rẹ̀.

Ká ní ẹ fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ láti páàkì Ìwó Road ní Ìbàdàn sí Òjóta ní Èkó. Ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó lẹ ẹ́ pinpin, ẹ ó sì gbé e fún akọ̀wé tó ń gba ẹrù ní páàkì. Kò ní tú u. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra, á kọ orúkọ yín sínú ìwé, á kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á, nọ́ńbà fóònù ẹ̀yin méjèèjì, ọjọ́, àkókò, ibi tí ẹrù ń lọ àti bó ṣe tóbi tó. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Láìtú ẹrù kankan wò, á mọ̀ pé ọkùnrin kan ní Bódìjà máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí obìnrin kan ní Kẹ́tu ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Á mọ̀ ìgbà tí ó dáwọ́ dúró. Á mọ̀ pé obìnrin mìíràn ní Yábàá ló wá ń gba ẹrù náà báyìí. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún un, ìwé rẹ̀ ló sọ fún un.

Ká wá sọ pé ọ̀gá páàkì yìí ní ilé ìtajà ńlá méjì mìíràn láàárín ìgboro, ó sì ń gbé ìwé náà lọ síbẹ̀ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ ẹni tí wọn yóò máa pè láti wá rajà. Bí ẹ bá bi í, á búra pé òun kò tú ẹrù yín, ìbúra rẹ̀ yóò sì jẹ́ òótọ́. Ẹjọ́ tí FCCPC bá Meta ṣe kò kan ẹrù rárá. Orí ìwé yẹn ló wà: ta ló ni ín, ta ni wọ́n gbé e fún, ta sì ni ó fún wọn láṣẹ.

Kí ló wà nínú ìwé tí WhatsApp ń kọ?

Kí n má bàa purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, WhatsApp sọ pé òun kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tí oníkálukú ń bá sọ̀rọ̀, òun kì í sì í fi orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín lé Facebook lọ́wọ́. Àmọ́ nínú àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó dárúkọ àwọn ohun tó ń gbà tó sì lè bá àwọn ilé iṣẹ́ Meta yòókù pín: nọ́ńbà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, irú fóònù yín, àdírẹ́sì tí fóònù yín ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì (èyí tó máa ń tọ́ka sí agbègbè tí ẹ wà), bí ẹ ṣe ń lo áàpù náà, owó tí ẹ bá san níbẹ̀, àti bí ẹ ṣe ń bá àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí a dúró lé lórí díẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ̀yin méjì lẹ jọ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan, gbogbo ẹni tí ilé iṣẹ́ náà bá gbà láàyè ló lè kà á, ilé iṣẹ́ náà sì lè fi Meta fúnra rẹ̀ ṣe ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ náà. Nílẹ̀ wa níbi, orí WhatsApp ni a ti ń béèrè iye aṣọ, ibẹ̀ ni a ti ń fi rìsíìtì hàn, ibẹ̀ ni a ti ń bá ilé ìwòsàn àti báńkì sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ apá kékeré fún ará Amẹ́ríkà ni ìgbésí ayé ojoojúmọ́ fún wa.

Ẹ tún wo àwọn nọ́ńbà inú fóònù yín. Nígbà tí WhatsApp bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun wo orúkọ àwọn ojúlùmọ̀ yín, tí ẹ sì gbà, nọ́ńbà wọn ni ẹ fi hàn án, títí kan ti bàbá àgbà tó ń lo fóònù kékeré olóríbọ́tìnnì. Bàbá kò tẹ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ lókè pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí kò lo WhatsApp rí.

Àwọn kan á ní, "Mo kàn sọ̀rọ̀ nípa fáànù lẹ́ẹ̀kan ni, ìpolówó fáànù sì jáde lórí Facebook mi, fóònù ń gbọ́ mi." Meta kò nílò láti gbọ́ ohùn yín. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí a ń ṣí ló ní irinṣẹ́ Meta nínú tó ń jíṣẹ́ fún un pé a dé ibẹ̀, ó sì mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wa jọ máa ń dọ́gba. Ó rọrùn fún un láti méfò láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Kí ló yí padà ní 2021?

Nígbà tí Facebook ń ra WhatsApp ní 2014, ó sọ fún ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù pé ẹ̀rọ òun kò ní lè fi ìdánilójú so ẹni tó wà lórí WhatsApp pọ̀ mọ́ ẹni kan náà lórí Facebook. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 2016, WhatsApp yí àdéhùn rẹ̀ padà láti máa fi nọ́ńbà àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí Facebook. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù rí i pé ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ti wà ní ìkáwọ́ wọn láti 2014, wọ́n sì ní kí Facebook san mílíọ̀nù 110 yúrò ní 2017.

Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n ṣì fún àwọn tó ń lò ó ní 30 ọjọ́ láti sọ pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n fi ìwífún àwọn ṣe ìpolówó lórí Facebook. Ní oṣù Kíní ọdún 2021, àdéhùn tuntun dé. Ìkéde kan bo ojú áàpù náà pé kí a tẹ "Agree" kó tó di ọjọ́ 8 oṣù Kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kò ní lè lò ó mọ́. Kò sí bọ́tìnnì tí a lè fi sọ pé "mo fẹ́ máa lò ó, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ èyí". Ariwo sọ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì sá lọ sórí Signal àti Telegram, àwọn áàpù mìíràn tó jọ WhatsApp. WhatsApp sún ọjọ́ náà sí 15 oṣù Karùn-ún, nígbà tó sì tún yá, ó ní òun kò ní gé ẹnikẹ́ni kúrò. Àmọ́ ẹ̀rù ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ "Agree" kí wọ́n tó gbọ́ ìyẹn.

Oṣù Karùn-ún yẹn náà ni FCCPC, tí Babátúndé Irúkẹ̀rà ń darí nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí ìwádìí náà tó dé ìdájọ́.

Kí ni FCCPC ní Meta ṣe tó lòdì sófin?

Àjọ náà sọ nǹkan púpọ̀. Mo mú èyí tó wúwo jù níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gba ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì pín in, láìgba àṣẹ tó jẹ́ àṣẹ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 37, ti fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ti 2023 náà ló sọ ọ́ gbangba pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Àṣẹ gbọ́dọ̀ wá láti inú ọkàn ẹni tó mọ ohun tó ń fọwọ́ sí, tó sì lè kọ̀.

Èkejì ni fífi ipá mú oníbàárà. Kò sí òfin tó ní kí oníṣòwò má di ńlá. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí ó fi títóbi rẹ̀ gba ohun tí oníbàárà kò ní fún un bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé ní Nàìjíríà, ṣé ọ̀nà mìíràn wà lóòótọ́? Obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, lè gbé Signal sórí fóònù rẹ̀ lónìí, kò ní bá àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀. Gúrúùpù àwọn òbí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àjọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé "tí o kò bá fẹ́, máa lọ", ìdẹ́rùbà ni, kì í ṣe ìbéèrè. Ojú tèmi ni mo fi wò ó bẹ́ẹ̀, ojú kan náà sì ni àjọ náà fi wò ó.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. FCCPC ní Meta ṣe ojúsàájú. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ilẹ̀ Yúróòpù ti ní òfin líle lórí ìwífún ara ẹni, WhatsApp sì kọ àdéhùn tó yàtọ̀ fún àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí wàhálà 2021 bẹ́ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà yára fi dá àwọn ará Yúróòpù lójú pé kò sí ohun tó yí padà fún wọn ní ti pípín ìwífún wọn pẹ̀lú Facebook nítorí ìpolówó. Síbẹ̀, Áílándì, níbi tí olú iṣẹ́ Meta ní Yúróòpù wà, ṣì ní kí WhatsApp san mílíọ̀nù 225 yúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, torí pé kò ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa fún àwọn èèyàn, pẹ̀lú àwọn tí kò lò ó tí nọ́ńbà wọn wọ inú rẹ̀.

Ẹ rò ó wò: ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Dublin, olú ìlú Áílándì, àbúrò ń gbé ní Òṣogbo. Wọ́n jọ wà nínú gúrúùpù ẹbí kan náà, áàpù kan náà ló wà lórí fóònù wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kà. Wọ́n ń ṣọ́ra fún ìwífún ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń kó ti àbúrò. Kò sí ohun tó ya ìwífún àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ju pé ẹni tó ń gbé ní Dublin ní ìjọba tó ń bínú tí wọ́n bá fọwọ́ kan ohun ìní rẹ̀. Nàìjíríà wá bínú ní tirẹ̀, kò sì sí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Íńdíà náà ní kí Meta san owó ìtanràn lórí àdéhùn 2021 yìí kan náà ní oṣù Kọkànlá 2024.

Ṣé Meta gbà pé òun jẹ̀bi?

Kò gbà. Ó ní òun kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Àbújá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ náà dá FCCPC láre. Wọ́n ní kí Meta san mílíọ̀nù 220 náà láàárín 60 ọjọ́, kó sì san 35,000 dọ́là lé e fún ìnáwó tí àjọ náà ṣe lórí ìwádìí. Wọ́n tún ní kó dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láti máa pinnu bí wọn yóò ṣe lo ìwífún wọn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé WhatsApp fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà?

Ibí yìí ni àwọn ìròyìn ti dà rú mọ́ra jù. Lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ìwé ẹjọ́ kan jáde tí Meta ti sọ pé ó lè di dandan fún òun láti ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò dárúkọ WhatsApp níbẹ̀.

Àjọ mẹ́ta ló ti ń béèrè owó lọ́wọ́ Meta nígbà náà. FCCPC ní tirẹ̀, mílíọ̀nù 220. Àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ọjà, ARCON, ní kó san mílíọ̀nù 37.5 torí àwọn ìpolówó tó ń gbé jáde láìkọ́kọ́ fi han àjọ náà. NDPC ní kó san mílíọ̀nù 32.8, torí bó ṣe ń fi ìṣesí àwọn èèyàn lórí Facebook àti Instagram ṣe ìpolówó láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ó ju mílíọ̀nù 290 dọ́là lọ díẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìwé ìròyìn kan fi ń kọ 220 tí òmíràn ń kọ 290.

Ẹjọ́ NDPC yìí ló fa ìhalẹ̀ náà. Lára ohun tí àjọ náà ń fẹ́ ni pé kí Meta máa gba àṣẹ lọ́wọ́ òun kó tó gbé ìwífún àwọn ọmọ Nàìjíríà kọjá sí òkè òkun. Meta ní ìyẹn kò ṣeé ṣe. Ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ní apá tó gba ìrònú, torí inú kọ̀ǹpútà tó wà ní ìlú mìíràn ni gbogbo nǹkan yẹn ń gbé. Àmọ́ láti ibẹ̀ dé títi ilẹ̀kùn jìnnà. Ní oṣù Karùn-ún 2023, Áílándì ní kí Meta san 1.2 bílíọ̀nù yúrò lórí gbígbé ìwífún ará Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje 2024, Meta gbà láti san 1.4 bílíọ̀nù dọ́là fún ìpínlẹ̀ Texas lórí ọ̀rọ̀ àwòrán ojú àwọn èèyàn. Kò ti Facebook pa ní Yúróòpù, kò sì kúrò ní Texas. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Meta àti NDPC fẹnu kò lẹ́yìn òde ilé ẹjọ́. Facebook ṣì wà ní Nàìjíríà, Instagram náà ṣì wà.

Ṣé àwa tí à ń lò ó máa rí lára owó náà?

Owó ìtanràn ni, ìjọba ló ni ín. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan láti fi gba ìpín. Bí ẹnikẹ́ni bá fi línkì ránṣẹ́ pé kí ẹ kọ NIN, BVN tàbí nọ́ńbà àkáǹtì yín síbẹ̀ kí ẹ lè gba owó Meta, olè ni onítọ̀hún. Ẹ tètè sọ fún àwọn àgbàlagbà inú ilé.

Kí ni èèyàn lè ṣe sí fóònù ara rẹ̀ báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní kí ẹ dàá kọ sórí Facebook yín pé "n kò fún Facebook láṣẹ láti lo àwòrán mi". Kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, torí àdéhùn tí ẹ ti fọwọ́ sí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ orí ògiri yí padà.

Èyí tó ní agbára ni òfin 2023. Ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ èyíkéyìí pé kí ni ẹ ní nípa mi, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, láti gba àṣẹ yín padà, àti láti fi ẹjọ́ sùn ní NDPC bí wọn kò bá dá yín lóhùn. Kò ní dandan kó jẹ́ Meta. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti àwọn áàpù tó ń yáni lówó wà lábẹ́ òfin náà.

Lórí WhatsApp fúnra rẹ̀, ibi tí ààbò ti kéré jù ni àwọn ọ̀rọ̀ tí fóònù ń kó pamọ́ sí Google Drive tàbí iCloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ tí mo sọ nípa rẹ̀ kì í tẹ̀ lé wọn débẹ̀, àfi tí ẹ bá ṣe é fúnra yín. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Chats, lẹ́yìn náà Chat backup, kí ẹ tan ohun tí wọ́n pè ní End-to-end encrypted backup. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé yín síbi tí kò ti ní sọnù, torí WhatsApp kò ní lè bá yín rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Privacy, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ojúlùmọ̀ yín nìkan lè fi yín sínú gúrúùpù.

Òrùka aláwọ̀ búlúù tó wà lójú áàpù náà báyìí, Meta AI ni wọ́n ń pè é, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni Meta fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò rí bí èyí tí ẹ kọ sí ọ̀rẹ́ yín, nítorí náà ẹ má gbé èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn tàbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lọ síbẹ̀.

Èyí tó kù ni ìpolówó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Meta kéde pé òun yóò máa gbé ìpolówó sí apá tí Status wà lórí WhatsApp, ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní ìlú tí ẹ wà, èdè tí ẹ ń lò àti irú àwọn ìkànnì (Channels) tí ẹ ń tẹ̀ lé níbẹ̀ ni òun yóò fi mọ èyí tí òun yóò fi hàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so WhatsApp yín pọ̀ mọ́ Facebook àti Instagram nínú Accounts Center, ibi tí Meta ti ń so àkáǹtì ẹni pọ̀, ohun tó mọ̀ nípa yín níbẹ̀ yóò dà pọ̀ mọ́ ti ibí. Wọn kì í fi tipátipá so ó. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ti so ó láìmọ̀. Bí ẹ bá ti so ó, ẹ lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ lónìí, WhatsApp yín yóò sì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.